Mo lọ ra sípíkà ní Àlàbà, yàrá mi ni wọ́n ń bi mí

"Sùúrù-Àlàbà!"

Bí ohùn inú ọkọ̀ ojú irin ṣe dárúkọ ibùdókọ̀ yìí ni mo gbé báàgì mi há abíyá, mo dìde. Obìnrin tó jókòó tì mí fà mí láṣọ. Ó ní, "Àǹtí, níbo lẹ̀ ń lọ?" Mo ní Àlàbà ni, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n àti sípíkà. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó jàre. Àlàbà tiyín ṣì wà níwájú. Èyí tí ẹ fẹ́ bọ́ sí yìí, sùúrù nìkan lẹ máa bá níbẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Kàdúná, ní Jos, ní Port Harcourt tàbí ní Àbújá tí èmi náà ń gbé, kò mọ̀ pé Àlàbà tó wà ní Èkó ju ẹyọ kan lọ. Àlàbà-Sùúrù wà lápá Ajégúnlẹ̀. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ti máa ń dúró. Àlàbà Ràgó wà lójú ọ̀nà Badagry. Àgbò ni àwọn Hausa ń pè ní rago, orúkọ náà sì ti sọ irú ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Èyí tí èmi ń wá ni Àlàbà International ní Ọ̀jọ́, ọjà ẹ̀rọ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn àgbà inú òwò náà sọ pé láti Àlàbà-Sùúrù gan-an ni àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ti kó wá sí Ọ̀jọ́, tí wọ́n sì gbé orúkọ dání wá. Nítorí náà, mi ò ṣìnà tán. Mo kàn pẹ́ débẹ̀ ni, bí ogójì ọdún ó lé.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ọlọ́jọ́ méjì ló gbé mi wá sí Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màámi ló gbé mi dé Àlàbà.

Láti ìgbà tí bàbá wa ti papò dà ni Màámi ti kúrò ní Ìkìrun, tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Kubwa, ní Àbújá. Wọn kì í ṣe aláriwo. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ràn lẹ́yìn ìjọ àti ọmọ-ọmọ wọn ni fíìmù Yorùbá. Màámi ti ń wo eré láti ìgbà tí àwọn onítíátà alárìnkiri ti ń gbé eré wọn ká ìlú, nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ ṣì wà ní Òṣogbo tó múlé ti Ìkìrun. Wọ́n mọ àwọn òṣèré àgbà bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé tí gbogbo wa bá ń rẹ́rìn-ín, Màámi á kọ́kọ́ wo ojú wa ná, kí àwọn náà tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á sì sùn lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan ń sunkún nínú fíìmù, ó ní, "Ẹ̀kọ́ ló jẹ mí lógún." Màámi yíjú sí mi. "Ẹ̀fọ́ kẹ̀? Kí ni ẹ̀fọ́ ṣe fún un tó fi ń sunkún báyìí?"

A rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú wa. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Ó ní ọjọ́ orí ni. Ó ní tí etí bá ń dàgbà, àwọn ìró tínínrín tó wà lókè ló kọ́kọ́ máa ń lọ, àwọn ìró bíi "s", "f" àti "t". Ìró tó wúwo nísàlẹ̀ á ṣì kù. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí yé mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi èdè Yorùbá jẹun. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ inú èdè wa, nísàlẹ̀ ọ̀fun ló wà, èyí tí etí Màámi ṣì ń gbọ́ dáadáa. Wọn ò lè ṣi ọkọ́ gbọ́ sí ọkọ̀ láé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àti ẹ̀fọ́, ohùn kan náà ni wọ́n ní. "K" àti "f" nìkan ló yà wọ́n. Bí ẹni ń gbọ́ ìlù gángan láti òkèèrè ni Màámi ṣe ń gbọ́ fíìmù: orin ọ̀rọ̀ ń bọ̀, ọ̀rọ̀ gan-an kò dé.

Tẹlifíṣọ̀n tiwa náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní, ẹ yí wọn padà kí ẹ wo ẹ̀yìn wọn: sípíkà tó tóbi bí ìka méjì, ilẹ̀ tàbí ògiri ló sì kọjú sí. Bí a bá ní ká gbé ohùn rẹ̀ sókè nítorí Màámi, Nọ́ọ̀sì á kan ògiri. Nọ́ọ̀sì ni aládùúgbò wa, ọmọ Tiv láti Benue. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn, ọ̀sán ló sì ń sùn. Ògiri búlọ́ọ̀kù kan péré ló wà láàárín pálọ̀ wa àti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ti bẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta kò bẹ̀ wá mọ́, ó kàn yọ ojú sí mi ní ẹnu géètì, ojú tó ti pọ́n kankan. Mo ní ìtìjú.

Èmi àti ọkọ mi bá dá owó jọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 350 náírà. Ohun tó wà lọ́kàn ọkọ mi ni hóòmù tíátà ńlá kan tó rí nínú fóònù rẹ̀: sípíkà márùn-ún àti wúfà, wáàtì 12,000. Màámi ló fi ń bojú o, bọ́ọ̀lù ló ní lọ́kàn. (Ní ọ́fíìsì wa, a ti jiyàn lórí ohun tó yẹ ká máa pe hóòmù tíátà ní Yorùbá. Ẹnì kan ní "ilé ìwòran abẹ́lé". Mo gbìyànjú rẹ̀ ní Àlàbà, ọmọkùnrin tí mo sọ ọ́ fún ní àwọn kì í ya ilé fún èèyàn.)

Kí n tó kúrò ní Kubwa, mo fi téèpù àwọn aránṣọ wọn pálọ̀ wa. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 12 ní gígùn. Mo yà á sínú ìwé tí mo fi ń gba ìròyìn sílẹ̀: ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga gígùn, tẹlifíṣọ̀n. Bí mo ṣe ń yà á, mi ò mọ̀ pé ìwé yẹn ló máa wúlò jù nínú gbogbo ohun tí mo gbé lọ.

Láti Mile 2, kò sí ọkọ̀ ojú irin mọ́. Wọ́n ṣì ń ṣe apá kejì ojú irin náà tí yóò dé Òkòkòmaikò. Mo wọ dáńfó, a gba iwájú Festac àti Trade Fair kọjá, mo sọ̀ ní Volks. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ Volkswagen nígbà kan ló fún ibẹ̀ lórúkọ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé mi wọ inú ọjà.

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ nípa Àlàbà? Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Iwájú ilé kọ̀ọ̀kan ni sípíkà tó ga bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, orin tí ọ̀tún ń kọ kọ́ ni òsì ń kọ, gbogbo rẹ̀ sì ń wọ ara wọn bí ẹ̀bà àti ìrẹsì nínú àwo kan. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ru káàdìbọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n lórí, wọ́n ń pariwo "ẹ yà o!" Mo gbọ́ Igbo, mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Ẹ̀gùn, mo gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tó wá rajà láti Kútọnu àti Lomé. Àwọn ọmọ Igbo ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà, Yorùbá tí wọ́n sì ń sọ dán ju ti àwọn ọmọ mi ní ọ́fíìsì lọ. "Àǹtí mi arẹwà, ẹ wọlé, ẹ wo nǹkan!" Ta ló máa kọ̀?

Ibi yìí ní ìtàn pẹ̀lú fíìmù tí Màámi ń wò. Kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì náà ló ń gbé fíìmù jáde. Ní 1992 ni Kenneth Nnebue, oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì, gbé Living in Bondage jáde ní èdè Igbo. Kó tó dìgbà náà, ó ti fi owó rẹ̀ sínú àwọn fíìmù fídíò Yorùbá. Ìdúmọ̀tà, Àlàbà, Upper Iweka ní Onitsha, Pound Road ní Aba: àwọn ọjà yìí ni fíìmù ilẹ̀ wa gbà dé pálọ̀ wa, láìka ti afàwòràjà tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí pálọ̀ kan ní Bauchi ṣe wá ń wo fíìmù tí wọ́n yà ní Asaba, kó lọ dúró ní Àlàbà fún wákàtí kan.

Wákàtí kan ló pọ̀ tó, torí etí mi ti ń hó. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, wọ́n gbé hóòmù tíátà tí ọkọ mi fẹ́ síwájú mi. Wáàtì 12,000, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ara páálí, PMPO sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, mo rí 15,000. Ọmọkùnrin tó ń tà á tan orin, ilẹ̀ mì, àyà mi mì. Ó ní, "Àǹtí, èyí máa jí gbogbo àdúgbò yín." Mo rántí ojú Nọ́ọ̀sì. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Ẹni tó wá gbà mí ni ìyá kan tó ń ta omi tútù. Ó ní bí mo bá fẹ́ ẹni tí kò ní purọ́ fún mi, kí n gun àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn ilé yẹn, kí n béèrè Bàbá onísípíkà.

Bàbá náà ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ọmọ Ẹ̀gùn láti ọ̀nà Badagry. Ṣọ́ọ̀bù wọn kún fún sípíkà tí wọ́n ti tú ìfun rẹ̀ síta, òórùn lẹ́ẹ̀dì sì gba inú ibẹ̀ kan. Títún sípíkà ṣe ni iṣẹ́ wọn gangan, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ta èyí tí wọ́n bá tún ṣe àti tòkúnbọ̀ díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ ohun tí mo ń wá, mo dárúkọ wáàtì 12,000.

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Áyọ́ọ̀nù tí o fi ń lọ aṣọ, wáàtì mélòó ló ń jẹ?" Mo ní bí 1,000. "Ṣé áyọ́ọ̀nù méjìlá ni wọ́n kó sínú páálí yẹn? Lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ibi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ sí. Tí ẹ̀rọ bá ń jẹ wáàtì 60, ibo ló ti máa rí 12,000 tó máa gbé jáde? Ẹni tó jẹ ìṣù kan kò lè bì ọgọ́rùn-ún." Wọ́n ní PMPO jẹ́ iye tí wọ́n fojú bù fún ìṣẹ́jú tí kò tó ìṣẹ́jú, kí n má kà á. RMS ni kí n máa wò, tí wọ́n bá kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́. "Yàrá rẹ dà?"

Mo fún wọn ní ìwé. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo ti wọ̀ lọ́jọ́ náà, iye owó ọwọ́ mi ni wọ́n ń bi mí. Bàbá yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí pé kí ló wà nílẹ̀ pálọ̀, ṣé táìsì ni tàbí kápẹ́ẹ̀tì. Ṣé kọ́tìnnì nípọn. Ṣé àga náà fara ti ògiri. Ta ló máa ń jókòó síbo. Wọ́n wá fi ìka kan ògiri tí mo fi ìlà méjì yà. "Ta ló ń sùn lẹ́yìn ibí yìí?"

Mo sọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì fún wọn, mo sì sọ̀rọ̀ Màámi, títí kan ti ẹ̀fọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín sí ti ẹ̀fọ́. Wọ́n ní ìyàwó àwọn náà ń bọ̀ lọ́nà ibẹ̀.

Wọ́n so wúfà kan mọ́ iná, wọ́n tan ìró kan ṣoṣo, húùùù, ìró tó wúwo. "Dìde, máa rìn láti ògiri yìí lọ sí tọ̀hún." Nígbà tí mo fara ti ògiri, ìró náà kún gbogbo orí mi. Bí mo ṣe ń lọ sáàárín, ó ń rọlẹ̀, nígbà tí mo dé àárín gbùngbùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Mo tún rìn dé ògiri kejì, ó tún padà dé. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo Jésù.

Bàbá ní kì í ṣe idán. Ìró ńlá gùn. Nínú yàrá kékeré, ó máa ń lu ògiri, á padà wá pàdé ara rẹ̀. Wọ́n fi bírò ṣe ìṣirò sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi: ìró ń rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,130 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí yàrá bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ìró tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 47 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa dúró sínú rẹ̀ bí omi inú garawa tí wọ́n ń mì. Ní ìbú ẹsẹ̀ bàtà 10, ó máa jẹ́ nǹkan bí 56. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé pálọ̀ mi kì í ṣe 10 sí 10, torí nígbà náà méjèèjì á bọ́ sójú kan, á sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wúfà ńlá nínú yàrá kékeré fi máa ń ro gììrìgì ní ibì kan, tí kò ní sí ní ibòmíràn, tó sì jẹ́ pé aládùúgbò ló máa gbádùn rẹ̀ jù, torí búlọ́ọ̀kù kì í dá irú ìró bẹ́ẹ̀ dúró.

"Àwọn sípíkà ẹ̀yìn ńkọ́?" Mo ṣì ń gbèjà ọkọ mi.

Bàbá ní àwọn sípíkà méjì yẹn, ẹ̀gbẹ́ ni ó yẹ kí wọ́n wà, kí wọ́n sún sẹ́yìn etí díẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà sí èèyàn. Nínú pálọ̀ mi, ẹni tó bá jókòó sí ìkángun àga, sípíkà á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹnu kò ó létí, kò sì ní gbọ́ nǹkan mìíràn. "Àti pé púpọ̀ nínú fíìmù tí ìyá rẹ ń wò, ohùn ọ̀tún àti òsì nìkan ni wọ́n ní. Kí ni sípíkà ẹ̀yìn máa wí? Àròkọ lásán lá máa kọ fún un."

Wọ́n ní sípíkà àárín ni kí n fi owó mi lé, torí òun ni ẹnu fíìmù. Bí fíìmù bá tiẹ̀ jẹ́ ti ọ̀tún àti òsì nìkan, rísífà tó dáa máa ń wá ohun tó bá dọ́gba ní ìhà méjèèjì, á darí rẹ̀ sí àárín, ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì sábà máa ń dọ́gba bẹ́ẹ̀. Nígbà náà mo lè gbé ọ̀rọ̀ sókè láìgbé ìlù àti ìbọn sókè pẹ̀lú rẹ̀.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ìwọ obìnrin yìí, wúfà ńkọ́?" Mo ní kò sí wúfà. "Kò sí wúfà rárá?" Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ní ẹran kò sí nínú ọbẹ̀ ọdún. Ìdajì owó náà jẹ́ tirẹ̀, mi ò sì lè ṣe bí ẹni pé mo gbàgbé. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí Màámi ṣe máa gbọ́ ọ ná, owó tó bá ṣẹ́ kù á wà níbẹ̀. Ó ní ó dáa. Kì í ṣe "ó dáa" gidi.

Rísífà tòkúnbọ̀ kan, sípíkà kékeré méjì àti ti àárín kan ni mo rà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 240 náírà. Bàbá yí ẹ̀yìn rísífà náà sí mi kí n kà á: 230 folti, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní tí mo bá rí 120 lára tòkúnbọ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá, bí mo bá kì í bọ iná wa láìsí ẹ̀rọ tó ń rẹ iná sílẹ̀, èéfín ni mo máa rí. Wọn ò sì jẹ́ kí n fi orin dán an wò. Wọ́n ní orin máa ń tan èèyàn jẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í tan ni. Mo tan fíìmù Màámi láti inú fóònù mi, mo di ojú. Sípíkà àárín àkọ́kọ́ ń ha "s" bí ẹni ń gé sáńdì. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ekejì mọ́.

Ọkọ̀ òwúrọ̀ ni mo wọ̀ padà sí Àbújá, Ọ̀rẹ̀, Benin, Auchi, Òkéné. Dírẹ́bà gbà kí rísífà wọ búùtù, àmọ́ sípíkà àárín, orí itan mi ló wà bí ọmọ tuntun, mo fi ìró aṣọ wé e. Ní ibi àyẹ̀wò kan, ọlọ́pàá ní kí n tú u. Rìsíìtì Bàbá ló gbà mí sílẹ̀, kí ẹ má ju rìsíìtì nù lójú ọ̀nà o. Nígbà tí a dé Lọ́kọ́jà níbi tí odò Ọya àti Benue ti pàdé, oòrùn ti ń wọ̀, gbogbo èrò ọkọ̀ sì ti mọ ìtàn ẹ̀fọ́ àti ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ Sátidé la tò ó. Iṣẹ́ tó le jù nínú rẹ̀ ni àga. A fà á kúrò lára ògiri ẹ̀yìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ó lé, torí ìró wúwo máa ń kóra jọ sí ara ògiri, á sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ní pálọ̀ ti kéré tó, a tún ń bù ú kù. Sípíkà méjì wà ní ọ̀tún àti òsì tẹlifíṣọ̀n lórí àpótí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ló wà láàárín wọn, a kọjú wọn sí ibi tí Màámi máa ń jókòó, ẹnu wọn sì dọ́gba pẹ̀lú etí ẹni tó bá jókòó. Láti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ Màámi jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje. Ti àárín wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì rẹlẹ̀ jù, mo bá fi sílípáàsì ọmọ mi kan tì í níwájú kó lè gbójú sókè. Mo gé fóòmù sábẹ́ gbogbo wọn kí ìró má baà bá àpótí wọ ilẹ̀ lọ bá Nọ́ọ̀sì. Mo pàtẹ́wọ́ ní àárín pálọ̀ bí Bàbá ṣe kọ́ mi, ó dún padà ká-ká-ká, bí inú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo. A tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì inú yàrá sórí táìsì, a sì fi kọ́tìnnì tó nípọn kọ́. Mo tún pàtẹ́wọ́. Ká. Ó tán síbẹ̀.

A tan án. Ó burú jáì. Orin kò ní ìsàlẹ̀, kò sì ṣeé mọ ibi tí ó ti ń wá. Ó dà bíi pé àwọn olórin wà nínú kànga. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀. Ó kàn wò mí bí ọkùnrin tí wọ́n gba wúfà lọ́wọ́ rẹ̀ lásán ṣe máa ń woni. Mo sá wọ yàrá, mo pe Bàbá. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Lọ wo wáyà pupa àti dúdú." Òótọ́ ni, ti òsì ti yí padà: pupa wà lójú dúdú. Bí ọ̀kan ṣe ń tì, bẹ́ẹ̀ ni ìkejì ń fà, wọ́n sì ń pa ara wọn. Ta ló so ti òsì? Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, àwa méjì péré la wà nídìí ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi téèpù wọn ibi tí sípíkà kọ̀ọ̀kan jìnnà sí orí Màámi, mo tẹ̀ ẹ́ sínú rísífà, mo sọ fún un pé kò sí wúfà nílé, mo gbé ti àárín sókè díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Mo tún tan ètò alẹ́, èyí tó máa ń mú ariwo ìbọn wálẹ̀, tó sì ń gbé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sókè.

Màámi jókòó. Wọ́n wò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn ò fọhùn. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó mi lọ́kàn. Ìyá àgbà kan nínú fíìmù náà bá ju òwe burúkú kan lu ọkọ ọmọ rẹ̀, Màámi kú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín kí èmi tó rẹ́rìn-ín. Wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ohùn wọn ti là," ni wọ́n sọ, wọ́n sì ní kí gbogbo wa dákẹ́.

Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn ni ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Òun ló ti máa ń jókòó ti Màámi, tó ń tún gbogbo ọ̀rọ̀ òṣèré sọ sí wọn létí, tó sì ń gba bisikíìtì fún un. Ó wá bá mi ní kíṣìnnì, ó ní, "Mọ́mì, kí ni mo máa wá máa ṣe?" Mo mọ bó ṣe ń rí. Kò sí ògbufọ̀ tí kì í ṣe irú àníyàn yẹn láyé ìsinsìnyí.

Kì í ṣe pé etí Màámi ti jí o. Tí òṣèré méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n á ṣì béèrè. Dókítà ti ní kí wọ́n gba ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí, àwọn náà sì ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní sípíkà, ilé ló ni ín. Èyí tí wọ́n máa kì bọ etí, gbogbo ìjọ ló máa rí i. A ṣì ń bá a fà. A máa padà lọ rí dókítà lóṣù tó ń bọ̀, mo sì ti ní kí ọmọ mi bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé, Nọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn wa. Ẹ̀rù bà mí. Ó ní ṣé a rìnrìn àjò ni, torí ó sùn látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní a wà nílé, fíìmù mẹ́ta la wò. Ó yọjú wọlé, ó rí sílípáàsì tó ti sípíkà níwájú, ó rẹ́rìn-ín. Màámi ní kó jókòó. Kò gbọ́ Yorùbá, ọmọ mi sì ti sún mọ́ ọn, ó ti rí iṣẹ́ tuntun.

Ó ku ọkọ mi. Kí n tó kúrò ní Àlàbà, Bàbá ti sọ pé bí a bá ní wúfà lọ́jọ́ iwájú, kékeré ni kó jẹ́, kí a gbé e sórí àga níbi tí a máa ń jókòó, ká tan án, ká wá máa rákòrò káàkiri ìdí ògiri. Ibi tí ìró rẹ̀ bá ti dùn jù létí ẹni tó ń rákò, ibẹ̀ la máa gbé e sí. Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ ọ́ fún un. Lánàá tí mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a lórí eékún àti ọwọ́ rẹ̀ ní igun pálọ̀, ọmọ wa gùn ún lẹ́yìn, téèpù mi wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sí wúfà kankan nínú ilé. Ó ní òun kàn ń dán an wò ni.